Apá Òsì Orí Màmá

Ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ní Ajégúnlẹ̀, Màmá Oníwáyà ni. Àwa ọmọ-ọmọ ẹ̀ ń pè é ní Màmá Àpápá, nítorí pé ilé tí Bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún un ní GRA Àpápá la ti máa ń lọ kí i. Àwọn tó ń pè é ní Màmá Oníwáyà ló rí i jù. N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: owú wọn ń jẹ mí. Ó ti ń jẹ mí láti kékeré, ikú Màmá ò sì wò ó sàn. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ibi tó kàwé dé àti oyè tó gbà, ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú. Èmi ń sọ ti obìnrin tí mo mọ̀, àti ti ẹni tó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Wárápá ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó ń fún aláìsàn lóògùn bí àwọn dókítà yòókù ṣe ń fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹ́ kó sinmi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ kí wárápá tó gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ní wáyà wẹ́wẹ́ púpọ̀, tí wọ́n máa ń fi àtè funfun kan lẹ̀ mọ́ awọ orí. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ iná kékeré tí ọpọlọ ń dá, á wá yà á sójú kọ̀ǹpútà bí ìgbì, tí yóò máa ga, tí yóò máa relẹ̀. Ti ẹni tó sùn yàtọ̀ sí ti ẹni tó lajú, ti ẹni tó ń ṣírò yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn jókòó. Màmá gbà pé kí wárápá tó dé, ìgbì yẹn ní láti kọ́kọ́ yí padà díẹ̀, kí ojú tó rí nǹkan kan. Àyípadà kékeré yẹn ló ń wá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nínú àwọn ọmọ tó ń tọ́jú, òmíràn ti ṣubú sínú iná, òmíràn sínú gọ́tà, òmíràn sójú títì níwájú tírélà. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló ń wá gan-an, kò ní sọ gírámà kankan. Á ní, "Ìṣẹ́jú kan péré. Kí ọmọ náà ráyè jókòó."

Kò rí ìṣẹ́jú ọ̀hún títí ó fi lọ. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí mo wà ní pámárì, mo bi í pé ṣé ariwo ló ń pọ̀ jù nínú ọpọlọ tí wárápá fi ń mú èèyàn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí bàkónì. Níta géètì, tírélà ti tò lọ títí dé ọ̀nà wọ́ọ̀fù. Dírẹ́bà kan ń bá mọ́tò-bọ̀ì ẹ̀ jà, òmíràn ń fọ eyín, ẹnì kan ń polówó búrẹ́dì, ẹnì kan ń kírun lórí ẹní. Màmá ní, "Gbọ́ wọn. Kálukú ló ń sọ tiẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Bí ọpọlọ tó dáa ṣe rí nìyẹn. Ó dáa, ká ní gbogbo wọn tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn ò gbọ́wọ́ kúrò, ṣé ẹnikẹ́ni á tún gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Wárápá nìyẹn. Ariwo kọ́ ni àìsàn, Morẹ́nikẹ́. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ń pa ariwo kan náà ni kó o bẹ̀rù."

Ó mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìpàdé ẹbí. Bí àwọn ọmọ ẹ̀ bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan, bóyá pé kó yéé wa mọ́tò fúnra ẹ̀ tàbí kó kúrò nílé ńlá yẹn, Màmá á gbé ìka kan sókè, á tẹjú mọ́ aago ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tí wárápá bá gbé ọmọ kan lójú ẹ̀. Á wá ní, "Ẹ rọra o. Ó ti ń gbé yín." Ìpàdé parí nìyẹn.

Màmá ò mọ ọbẹ̀ sè. Ó máa ń sùn lọ níbi àdúrà ẹbí, á sì jí ṣe àmín kí gbogbo wa tó dé ibẹ̀. Kò rántí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ kan ní Ajégúnlẹ̀ tó ń ṣe wárápá, á sọ ohun tí ọmọ náà jẹ lálẹ́ àná, bó ṣe sùn, àti ẹni tó bá a jà. Mo ti rò ó pé bí mo bá fẹ́ kí Màmá mọ̀ mí, àfi kí n ṣàìsàn. Mo sì gbìyànjú ẹ̀. Màá sọ ìyẹn láìpẹ́.

Ìjà tó le jù tí Màmá jà níbi iṣẹ́, irun ló dá a sílẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, fìlà tó bá a wá, irun tó máa ń sùn sílẹ̀ ni wọ́n rán an fún. Tí wọ́n bá dé e lé irun àwọn ọmọbìnrin tiwa, wáyà ò ní kan awọ orí, ìgbì á sì dàrú. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀gá ni, ó pàṣẹ pé ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ ka ìgbì ọpọlọ ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fá orí ẹ̀. Ti àwọn ọmọkùnrin ò le. Àwọn ìyá tó ní ọmọbìnrin gbọ́ ọ, wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́ padà sílé, wọn ò tún yọjú mọ́. Àrùn tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ará àdúgbò, ṣé wọ́n á wá fá orí ọmọ kí gbogbo ayé lè máa béèrè ohun tó ṣe é? Wọ́n ní Màmá wọ ọ́fíìsì ọkùnrin náà láì kan ilẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ ní ká fá orí ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló kú?"

Onídìrí ni ìyá tó bí Màmá, ní Ijora. Irun ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ìwé. Ó wá ra ìlàrun, ó ra àpótí kan, ó gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n yá a lẹ́yìn ilé ìwé kan nítòsí Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀, ó ń fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sáàárín orúnkún ara ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bó ṣe ń la irun náà, ojú ibi tí wáyà gbọ́dọ̀ jókòó sí ni ojú ìlà máa ń gbà. Ìdì irun á wá wà láàárín ìlà sí ìlà, wáyà á rí awọ orí, ọmọ náà á sì gbé irun tó rẹwà délé. Kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní wáyà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin tí nǹkan kan ò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di wáyà." Màmá ń dì í fún wọn pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní ní báyìí tí gbogbo wọn ń di nǹkan kan náà, ta ló fẹ́ mọ èyí tó ń ṣàìsàn?

Gbogbo orí Ajégúnlẹ̀ ló dì tán. Kò dì tèmi rí. Dírẹ́bà ló máa ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní GRA, níbi tí òtútù ẹ̀rọ á ti máa mú mi tí obìnrin tí n kò mọ̀ rí á máa fa orí mi. Mo bẹ Màmá títí. Mo jókòó síwájú ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbé orí lé e nítan. Ó fi ìka ti orí mi kúrò pẹ̀lẹ́, ó ń ka ìwé ẹ̀ lọ. Ó ní, "Irun tìẹ ò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe."

Orí tó kọ́kọ́ di wáyà lé ni ti Síkírá. Bàbá ẹ̀ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ìyá ẹ̀ ń ta ọṣẹ àti kànrìnkàn, àwa méjèèjì sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Wárápá tiẹ̀ le. Nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àárín orúnkún Màmá ló dàgbà sí. Ẹ̀rọ náà fẹ́ rí ìgbì ojú oorun, Màmá á wá máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí á fi sùn, wáyà lórí ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lórí itan Màmá mi. Mo ní Màmá mi! Ó tún fún un ní oríkì, Àbẹ̀ní. Èmi tí wọ́n fi oríkì sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Morẹ́nikẹ́ lásán ló ń pè mí, bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Bí Mọ́mì mi bá rìnrìn àjò, Màmá máa ń mú mi lọ síbẹ̀ ní Sátidé, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa wò wọ́n.

Mo ní, "Màmá, ẹ ka tèmi náà." Mo sọ ọ́ ní àìmọye ìgbà. Gbogbo ọmọ tó ń wọlé ni wọ́n ń kà, àfi èmi. Ìgbà kan ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe dígí."

Mo wá ṣubú. Mo ti wò ó tó, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo yí ojú sókè, mo na ẹsẹ̀ gan-an-ran, mo ń gbọ̀n, mo ń fi itọ́ ṣe ìfófòó lẹ́nu. Àwọn ìyá figbe ta. Ọ̀kan ti fa ṣíbí yọ nínú báàgì ẹ̀. Màmá ò dìde. Ó di irun Síkírá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán, ó so ó, ó wá bojú wo ibi tí mo wà lórí ẹní, tí mo rọra gbé orí lé ìrọ̀rí. Ó ní, "Wárápá tó mọ ibi tí ìrọ̀rí wà, mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Síkírá ló rẹ́rìn-ín jù, ó di inú mú. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Mo fẹ́ dìde, Màmá ní kí n má dìde, pé nígbà tí mo ti wà nílẹ̀, kí n kúkú wúlò. Ó kọjú sí ìyá oníṣíbí, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀. Àbí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ bù lẹ́nu ẹ̀ ni?" Ó wá kúnlẹ̀ tì mí, ó fi mí kọ́ wọn. Ó ní ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí. Ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí. Ẹ tú ọrùn aṣọ. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Bí ara bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè jáde. Ẹ máa wo aago, tó bá ń pẹ́ jù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ títí yóò fi mọ ibi tó wà. Ọwọ́ Màmá gbóná lábẹ́ àgbọ̀n mi. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ yí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ò sì kọ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá ti ṣì í ṣe, Màmá á tún fọwọ́ ara ẹ̀ yí mi.

Ọ̀rọ̀ ife ló tún bí mi nínú jù. Mo ní ife tánganran aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ní ilé Àpápá, kò sí ẹlòmíràn tó ń fi mumi. Síkírá náà ní ife tiẹ̀ nílé wọn, ṣùgbọ́n ti tiẹ̀ yàtọ̀: ìyá ẹ̀ so òwú pupa mọ́ ọn létí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó, torí wọ́n ní itọ́ onírú àìsàn yẹn ń ràn. Màmá gbọ́ ọ. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó mú Síkírá wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fojú wá inú ẹ̀, ó mú ife mi, ó bu omi fún un. Gbogbo ife tó wà níbẹ̀! Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò Mọ́mì mi, fi ìka méjì gbé ife náà, ó ń lọ síbi ìdọ̀tí. Màmá gbà á, ó ṣàn án, ó bu omi sí i, ó mu ún tán lójú gbogbo wa. Ó ní, "Wárápá kì í ràn. Ìbẹ̀rù ẹ̀ ló ń ràn, Fọlákẹ́, ó sì ti ràn ẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ni ife ọ̀hún ti di tiẹ̀, òun ló fi ń mumi títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi.

Oògùn ṣe Síkírá lóore. Ó dàgbà, wárápá ẹ̀ sì jìnnà síra, ó di ẹni tó ń bá Màmá di irun àwọn ọmọ kéékèèké ní Sátidé. Lọ́jọ́ tí mo gba oyè yunifásítì, a ti ń kó àga nílẹ̀ kí Màmá tó dé, àtè funfun ti gbẹ sí i léèékánná. Ó ní wárápá gbé ọmọ kan, àwọn ò lè fi í sílẹ̀. Òun àti Síkírá ni "àwọn" yẹn. Ó dì mọ́ mi, àtè náà ta sí gáùn mi, mo sunkún, ó rò pé ayọ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ ti ṣe tìẹ tán. Àwa ò tíì rí ibi kankan dé."

Àìsàn inú ló mú un lọ. Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, fóònù ni mo fi ń kí i, Síkírá ló sì ń di fóònù mú sí i létí. "Sister Morẹ́, Mama dey sleep." "Sister Morẹ́, Màmá ní kí ẹ jẹun." Kí n tó gbọ́ mímí Màmá mi, ọwọ́ Síkírá ni mo ní láti gbà kọjá. Lọ́jọ́ kan tí ara ẹ̀ fúyẹ́, Màmá pe Mọ́mì mi àti Àǹtí Fọlákẹ́ mọ́ra, ó fọwọ́ kan ewú orí ẹ̀, ó ní, "Bí mo bá lọ, Síkírá ni kó dì mí."

Kí ẹni tí kò mọ àṣà ilé wa lè mọ ohun tó dùn mí: a kì í gbé àgbà obìnrin sin pẹ̀lú irun jákujàku. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í rẹ́múrẹ́mú, ọmọ-ọmọ tó dàgbà jù lóbìnrin ló sì máa ń dì í. Èmi ni. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń wá àyè láti dé ibi orí obìnrin yìí. Ìgbà tó wá kàn mí, ó tún gbé e fún Síkírá.

Ẹbí pé jọ ní pálọ̀ Àpápá, ẹnu wọn sì kò. Wọ́n ní kò ṣeé gbọ́ sétí. Wọ́n ní tí wárápá bá gbé e lórí òkú ńkọ́? Wọ́n ní kí ni èèyàn á sọ? Mo fọwọ́ sí i ju gbogbo wọn lọ. Mo dìde, mo ní, "Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Èmi ni mo máa dì í." Àǹtí Fọlákẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí? Ìwọ tí o ò lè di irun bèbí oníke?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka kan sókè, ó ń wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí aago níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ rọra o. Ó ti ń gbé wa." Ẹnikẹ́ni ò tún jiyàn mọ́ pé Síkírá ló máa dì í.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú la lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń múra fún òkú. Mọ́mì mi, Àǹtí Fọlákẹ́, èmi àti Síkírá. Wọ́n tẹ́ Màmá sórí tábìlì gígùn kan, wọ́n ti fọ irun náà, ó funfun, ó sì rọ̀. Ojú Síkírá pọ́n. Mo ní, "Ṣé o tiẹ̀ ń sùn?" Ó ní, "Sister, who wan sleep?" Àìsùn ni Màmá máa ń pè ní ọ̀rẹ́ wárápá. Mo ní kó jókòó ná, ó ní ká jẹ́ kóun bẹ̀rẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún. Kò béèrè irú èyí tóun máa dì, wáyà ni. Ọwọ́ ẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà tó ń là tọ́, ó mọ́ rekete, àfi kéèyàn máa wò ó. Èmi ń di ìlàrun kejì mú fún un bí ọmọṣẹ́. Mo ń wo ọwọ́ yẹn lórí orí Màmá bí mo ṣe máa ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì.

Ó parí apá ọ̀tún. Ó la ìlà kan sí apá òsì, ó wá dúró. Ọwọ́ ẹ̀ wà lókè, ẹnu ẹ̀ ń jẹ nǹkan tí kò sí. Mo ní, "Síkírá?" Ó ṣubú.

Àǹtí Fọlákẹ́ ti kọjá ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀, bàtà ẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù. Mọ́mì mi, ọmọ bíbí inú Ọ̀jọ̀gbọ́n, dìde ó ń pariwo, "Ṣíbí! Ẹ bá mi wá ṣíbí!"

Mo ní, "Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ bù, Mọ́mì?" Ohùn Màmá ló jáde lẹ́nu mi. Mo ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tú gèlè mi, mo fi sábẹ́ orí Síkírá, mo yọ abẹ́rẹ́ híjáàbù ẹ̀ kúrò lọ́rùn. Mo wo aago. Nígbà tí ara ẹ̀ ń rọlẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo fọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, itọ́ ẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owú kúrò lára mi lójú ibẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, wò ó, títí di ọjọ́ ìsìnkú Màmá, ìwọ náà la tún ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó jí, kò mọ ibi tó wà. Ó wo òrùlé, ó wò mí, ó wá rí tábìlì. Ó bú sẹ́kún. "I never finish am." Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbà á. Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì lè di irun mú. Àwọn tó máa gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kan ilẹ̀kùn. Síkírá na ìlàrun sí mi láti ilẹ̀.

"Sister Morẹ́, na you go do am."

"Mi ò mọ̀ ọ́n dì."

"I know. Màá máa sọ fún yín."

A gbé e tẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sọ, èmi ń ṣe. Ó ní kí n là á láti òkè etí lọ sí àárín orí. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn, ẹ dúró. Wáyà kan ń jókòó síbẹ̀." Mo fi ìka kàn án. Ó tutù. Ó ní kí n mú ìdì mẹ́ta, kí n má fà á le, "Mama no like make person drag am." Òun ló mọ̀. Èmi ò mọ̀. Ìdì àkọ́kọ́ sanra, èkejì tín-ín-rín, ìkẹta yà lọ sójú ọ̀nà ara ẹ̀. Síkírá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an, ó di inú mú. Mọ́mì mi náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ojú ń tì mí, mo sì ń dì í lọ.

Síkírá ní, "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á? Ó sọ fún mi. Ó ní òun ò lè ka orí yín láéláé. Ó ní tóun bá lọ rí nǹkan níbẹ̀, òun ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́."

Ọwọ́ mi dúró. Ẹ gbà mí! Ohun tí mo ti ń wá láti kékeré, òun ló ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo ní, "Ìwọ ló sọ ọ́ fún. Kò sọ fún mi." Mo mú ìdì tó kàn.

Bí mo ṣe so èyí tó kẹ́yìn, Àǹtí Fọlákẹ́ yọjú wọlé wá mú bàtà ẹ̀. Ó wo orí Màmá, ó kígbe. "Kí lèyí? Apá kan tọ́, apá kan wọ́! Ṣé báyìí làwọn èèyàn ṣe máa rí i? Ẹ tú u! Síkírá, ara ẹ ṣáà ti yá díẹ̀, dìde kó o tún un dì."

Síkírá sì ń dìde lóòótọ́. Mo dúró síwájú tábìlì, ìlàrun wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti Síkírá. Apá òsì ni tèmi."